Ta ni Ó Dí Ọ̀nà Mọ́ Aláàbọ̀-Ara? Àsọyé lórí Ìwádìí láàrin Àwùjọ

Ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ̀yin ìyá wa, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn. Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ yìí, àti ní Ìjù-Odò wa pẹ̀lú, ta ni kò mọ iṣẹ́ akọ̀pẹ? Epo ni a fi ń se ọbẹ̀, owó epo ni a fi ń rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé, a kò sì lè rí epo bí ẹnì kan kò bá fi igbà gun orí ọ̀pẹ. Ẹ jẹ́ kí a ro ti ọkùnrin kan tí igbà rẹ̀ já ní òkè. Ó ṣubú, ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́, ṣùgbọ́n Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Àwa kò sọ ti ẹnì kan pàtó. Ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ ní oko ẹnikẹ́ni nínú wa ni. Ní oṣù kìn-ín-ní, gbogbo ìlú ni ó bẹ̀ ẹ́ wò, olúkúlùkù mú pupuru, ẹja àti owó lọ́wọ́. Ní oṣù kẹfà, àwọn ará ilé rẹ̀ nìkan ni ó kù. Nígbà tí ọdún yí po, orúkọ rẹ̀ ti kúrò nínú ìwé ẹgbẹ́, kò sí ẹni tí ó tún bèèrè ìmọ̀ràn oko lọ́wọ́ rẹ̀, a kò sì rí i ní ilé ìsìn mọ́, nítorí pé àtẹ̀gùn mẹ́rin ni ó wà ní ẹnu ọ̀nà, kò sì sí ẹni tí ó rántí láti gbé e.

Ìbéèrè wa nìyí. Ìṣubú láti orí ọ̀pẹ ni ó ṣẹ́ ẹ ní ọ̀pá ẹ̀yìn. Èyíinì kò ní àríyànjiyàn nínú. Ṣùgbọ́n ta ni ó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé ẹgbẹ́? Ta ni ó kọ́ àtẹ̀gùn mẹ́rin náà?

Àwọn baba wa ní èrò tiwọn nípa ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n a máa sọ pé Òrìṣà-ńlá ni ó mọ àfín, abuké àti arọ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti rí, nítorí náà ẹni òrìṣà ni wọ́n, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Àwa kò sin òrìṣà mọ́, síbẹ̀ ó yẹ kí a mọ̀ pé ọ̀wọ̀ wà nínú èrò náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kejì wà tí kò dára: pé bí ọmọ bá yarọ tàbí tí ó fọ́jú, a ó bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹni tí ó ṣẹ̀, ìyá rẹ̀ ni tàbí baba rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Ìwé Mímọ́ mọ̀ pé àwọn ọmọ-ẹ̀yìn bi Jésù ní ìbéèrè yìí gan-an nípa ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú, Ó sì kọ̀ láti dá ẹ̀bi fún ọkùnrin náà tàbí fún àwọn òbí rẹ̀. Ó yà wá lẹ́nu pé ìbéèrè tí Olúwa ti tì sí apá kan, àwa ṣì ń gbé e kiri láti ilé dé ilé.

Ẹnì kan tí ó yí ìbéèrè náà padà ní ayé òde òní ni ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mike Oliver. Ní ọdún 1962, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 17, ó bẹ́ sínú omi ìlúwẹ̀ẹ́, ọrùn rẹ̀ sì ṣẹ́. Láti ọjọ́ náà títí di ọjọ́ ikú rẹ̀ ní ọdún 2019, orí àga onítáyà ni ó ń jókòó. Ó lọ sí Yunifásítì Kent, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀, ó sì di olùkọ́ àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún àwùjọ, èyíinì ni àwọn tí ìjọba ń rán lọ sí ilé àwọn aláìní, àwọn arúgbó àti àwọn aláàbọ̀-ara. Ní ọdún 1983 ni ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde fún irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀, èyí tí ó gbà láti inú ìwé kékeré tí ẹgbẹ́ àwọn aláàbọ̀-ara kan tẹ̀ jáde ní ọdún 1976, ni pé ohun méjì ni a ti ń pè ní ọ̀kan. Èkínní ni àléébù tí ó wà nínú ara: ẹsẹ̀ tí kò rìn, ojú tí kò ríran, etí tí kò gbọ́ràn. Èkejì ni ìdènà tí àwùjọ fi sí iwájú ẹni náà: àtẹ̀gùn, ìwé tí afọ́jú kò lè kà, agbanisíṣẹ́ tí kò fẹ́ rí i, àánú tí ó sọ àgbàlagbà di ọmọdé. Èkínní lè ṣàìṣeé wò sàn. Ṣùgbọ́n èkejì, ènìyàn ni ó ṣe é, ènìyàn sì lè tú u.

Nígbà tí ó yá, Oliver di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Greenwich, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí a fi oyè náà dá lọ́lá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìmọ̀ nípa ọ̀rọ̀ aláàbọ̀-ara. Àwọn mìíràn láàrin àwọn aláàbọ̀-ara pàápàá dá a lóhùn pé kí a má ṣe gbàgbé ìrora ara fúnra rẹ̀, nítorí pé bí a bá tilẹ̀ wó gbogbo àtẹ̀gùn inú ayé, ẹ̀yìn tí ń dunni kò ní ṣàìdunni. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Oliver pẹ̀lú kò pe ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní òpin ìmọ̀. Ohun èlò ni ó pè é, bí àdá tí a fi ń la ọ̀nà.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ẹ̀kọ́ òyìnbó nìkan ni èyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé. Ní Abẹ́òkúta ni a bí Thomas Adéoyè Lámbò ní ọdún 1923. Ilé-ìwé Baptist Boys' High School ti ìlú náà ni ó lọ, kí ó tó lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham, ní ibi tí ó ti gboyè ní ọdún 1948. Lẹ́yìn èyí ni ó kọ́ ìtọ́jú àrùn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní àkókò náà, bí orí ẹnì kan bá dàrú ní ilẹ̀ wa tí agbára àwọn ará ilé rẹ̀ kò sì ká a mọ́, ilé ìtìmọ́lé ni ìjọba ní fún un, irú èyí tí a ṣí ní Yábàá ní ọdún 1907. Ibẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ẹ̀wọ̀n. Àwọn òyìnbó onímọ̀ kan sì wà tí wọ́n ń kọ ọ́ pé ọpọlọ aláwọ̀ dúdú kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú tiwọn. Lámbò kọ̀ èyí, ó sì fi ìwádìí ta kò ó.

Ní ọdún 1954 ni ó padà wá di olórí ilé ìwòsàn titun tí ó wà ní Aró, lẹ́bàá Abẹ́òkúta. Ilé náà kò tíì parí tó láti gba àwọn aláìsàn sùn. Ẹlòmíràn ìbá jókòó dúró de àwọn kọ́lékọ́lé. Lámbò kò dúró. Ó tọ àwọn àgbà abúlé mẹ́rin tí ó yí Aró ká lọ, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sí ilé wọn. Àdéhùn náà ni pé aláìsàn kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ dá wá: ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí ìbátan rẹ̀ kan ni yóò bá a wá, tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní òwúrọ̀, tí yóò sì mú un padà ní ọ̀sán. Wọ́n ń san owó ilé fún àwọn ará abúlé. Ilé ìwòsàn sì ràn àwọn abúlé náà lọ́wọ́ nípa omi tí ó mọ́, nípa pípa ẹ̀fọn, àti nípa owó yíyá láti fi kún ilé kíkọ́. Lámbò pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pẹ̀lú, ó sì jókòó tì wọ́n, nítorí pé wọ́n mọ àwọn ènìyàn náà àti ohun tí ń bà wọ́n lẹ́rù.

Ẹ wo ohun tí ó wà nínú ètò yìí. Aláìsàn ń jí ní inú ilé, kì í ṣe ní inú túbú. Ó ń gbọ́ ariwo àwọn ọmọ, ó ń rí ẹni tí ń lọ oko, bí ara rẹ̀ bá sì yá díẹ̀, ó lè bá wọn ro ebè. Àwọn ará abúlé kò bẹ̀rù rẹ̀ mọ́, nítorí pé wọ́n ń rí i lójoojúmọ́. Nígbà tí ó bá sì padà sí ìlú rẹ̀, ìbátan tí ó bá a wá ti kọ́ bí a ti ń ṣe ìtọ́jú rẹ̀.

Lámbò kò fi mọ sí ìtọ́jú nìkan. Ní ọdún 1961 ni ó pe àwọn dókítà àrùn ọpọlọ láti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà jọ sí Abẹ́òkúta, irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ àkọ́kọ́. Òun àti Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, lọ láti abúlé dé abúlé ní agbègbè Abẹ́òkúta, wọ́n ń bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn baálẹ̀ bí olúkúlùkù ti ń gbé. Ọdún 1963 ni ìwé ìwádìí náà jáde. Ohun kan tí wọ́n rí ni pé ní ibi tí ìdè àwùjọ bá ti tú, tí ẹnì kan kò bìkítà fún ẹnì kejì, ibẹ̀ ni àmì ìdààmú ọkàn ti pọ̀ jù. Lámbò di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó di ọ̀gá àgbà rẹ̀ láti 1968 sí 1971, ó sì di igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé títí di ọdún 1988. Ó kú ní ọdún 2004. Nígbà tí Àjọ náà ṣe ìwádìí ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án nípa àrùn ọpọlọ kan tí ó le púpọ̀, tí Ìbàdàn sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibùdó rẹ̀, wọ́n rí i pé ara ọ̀pọ̀ aláìsàn ní Ìbàdàn yá ju ti àwọn tí ó wà ní ìlú ńlá Yúróòpù lọ. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn nípa ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé ilé àti ẹbí wà lára rẹ̀.

Kí a má ṣe fi èyí yangàn. Ní ọdún 2019, ẹgbẹ́ Human Rights Watch tẹ ìròyìn kan jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti bẹ ibi 28 wò ní Nàìjíríà. Wọ́n rí àwọn aláìsàn ọpọlọ tí a fi ẹ̀wọ̀n irin dè mọ́lẹ̀, tí a nà, tí a sì fi ebi pa ní orúkọ àwẹ̀. Ilé ìwòsàn wà nínú àwọn ibi náà, ilé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wà níbẹ̀, ibi ìsìn àwọn Mùsùlùmí wà níbẹ̀, ilé ìsìn àwọn Krìstẹ́nì sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní oṣù January ọdún 2023 ni a fi ọwọ́ sí òfin titun nípa ìlera ọpọlọ, èyí tí ó rọ́pò òfin àtijọ́ ti ìgbà àwọn òyìnbó. Ṣùgbọ́n òfin kò lè tú ẹ̀wọ̀n tí àwa fúnra wa fi sí ẹsẹ̀ ẹni tí a mú wá fún àdúrà.

Àpẹẹrẹ kejì wá láti Ìdèrè, ní ilẹ̀ Ìbàràpá. Ẹ̀yin àgbà mọ sòbìà. Ẹni tí ó bá mu omi adágún tí àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ kan wà nínú rẹ̀ ni ó ń gbé ọmọ aràn náà mì. Lẹ́yìn bí ọdún kan, aràn náà yóò dá ihò sí ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò sì máa jáde díẹ̀díẹ̀. A ó máa fi igi kékeré ká a fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ó bá ń jó o bí iná, ẹni náà yóò ki ẹsẹ̀ bọ omi, aràn náà yóò sì tú ọmọ rẹ̀ sínú omi tí gbogbo ìlú ń mu. Nígbà iṣẹ́ oko gan-an ni ó máa ń mú wọn mọ́lẹ̀, tí àgbẹ̀ yóò di arọ fún oṣù kan tàbí méjì, tí ebi yóò sì wọ ilé.

Láàrin ọdún 1970 sí 1990, àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìlera láti Yunifásítì Ìbàdàn, bí William Brieger, Jayashree Ramakrishna àti Joshua Adéníyì, ṣe iṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ará Ìdèrè. Wọ́n lè dé ibẹ̀ kí wọ́n kàn pàṣẹ pé kí a máa sẹ́ omi. Dípò èyí, wọ́n kọ́kọ́ fi etí sílẹ̀. Wọ́n gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn pé sòbìà ti wà nínú ara gbogbo ènìyàn láti ìgbà ìbí, bí iṣan. Ẹni tí ó bá gbà bẹ́ẹ̀, báwo ni yóò ṣe gbà pé omi ni ó fà á? Nítorí náà wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ìlú fúnra wọn láti jẹ́ olùkọ́ni, àwọn aránṣọ ìlú sì ń rán aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi, tí a ń tà ní owó pọ́ọ́kú. Irú iṣẹ́ báyìí, pẹ̀lú omi ẹ̀rọ àti ìtọ́jú adágún, ni ó mú kí sòbìà, tí ó lé ní 600,000 ènìyàn tí ó mú ní Nàìjíríà nígbà ìkànìyàn ti 1988, di ohun ìtàn. Oṣù November ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn. Ní ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọwọ́ sí i pé ó ti tán ní ilẹ̀ wa.

Kí ni Aró àti Ìdèrè fi jọ ara wọn? Ní ibi méjèèjì, onímọ̀ gbà pé ohun kan wà tí àwùjọ mọ̀ tí òun kò mọ̀. Oliver fúnra rẹ̀ kọ̀wé ní ọdún 1992, ó sì bá àwọn onímọ̀ wí gidigidi: pé wọ́n a máa wọ ilé aláàbọ̀-ara, wọn a gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, wọn a fi gba oyè, wọn a sì lọ, láìsí ohun tí ó yí padà nínú ilé náà. Ìwádìí tí ó tọ́ ni èyí tí ẹni tí a ń wádìí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ohùn nínú rẹ̀.

Ẹ má ṣe sọ pé iṣẹ́ Yunifásítì nìkan ni èyí. Ìjọ lè ṣe é. Bí a bá lọ láti ilé dé ilé ní Ìjù-Odò tí a bèèrè pé, Ǹjẹ́ abirùn wà níhìn-ín? ìtìjú yóò mú kí wọ́n dáhùn pé kò sí, nígbà tí ọmọ náà wà ní yàrá ẹ̀yìn. Nítorí èyí ni ẹgbẹ́ kan tí Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé dá sílẹ̀ ní ọdún 2001, tí a ń pè ní Ẹgbẹ́ Washington, fi ṣe ìbéèrè mẹ́fà tí kò mẹ́nu kan àbùkù rárá. Ǹjẹ́ ó ṣòro fún ọ láti ríran, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé o lo awò ojú? Láti gbọ́ràn? Láti rìn tàbí láti gun àtẹ̀gùn? Láti rántí nǹkan tàbí láti fi ọkàn sí i? Láti wẹ̀ tàbí láti wọ aṣọ fúnra rẹ? Láti sọ̀rọ̀ kí ó yé ẹlòmíràn? Ìdáhùn mẹ́rin ni ó wà: kò ṣòro, ó ṣòro díẹ̀, ó ṣòro púpọ̀, n kò lè ṣe é rárá. Ẹni tí ó bá dáhùn pé ó ṣòro púpọ̀ tàbí pé òun kò lè ṣe é, nínú ẹyọ kan péré, ni a ó kà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2022 pé ènìyàn kan nínú mẹ́fà ní ayé ni ó ní àléébù tí ó nípọn, a sì ka àwọn arúgbó mọ́ ọn. Ẹ wo ìjọ tí ó ní 60 ènìyàn. Bí ìṣirò náà bá bá a mu, ẹni 10 ni. Àwọn mélòó ni a mọ̀?

Àwa fúnra wa ní ohun kan láti jẹ́wọ́. Nígbà kan rí, a ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ọmọkùnrin kan sì wà tí ó máa ń jókòó ní ẹ̀yìn, tí kì í dáhùn nígbà tí a bá pè é. A pè é ní olórí kunkun. A nà án ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìyá-ìyá rẹ̀ ni ó wá sọ fún wa, láìbínú, pé ọmọ náà kò gbọ́ràn dáadáa láti ìgbà tí ibà ńlá kan ti mú un. Bí a bá ti bi í ní ìbéèrè kejì nínú mẹ́fà wọ̀nyí, tàbí bí a bá ti sọ fún un pé kí ó wá jókòó ní iwájú, ọ̀rọ̀ ìbá ti yàtọ̀. Ibà ni ó dí i ní etí; àwa ni a ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ìjọba ti ṣe apá kan nínú tirẹ̀. Ní oṣù January ọdún 2019, Ààrẹ fi ọwọ́ sí òfin tí ó ka yíyà aláàbọ̀-ara sọ́tọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ó bá rú u lè san 100,000 náírà tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà; ilé iṣẹ́ tí ó bá rú u yóò san 1,000,000 náírà. Ọdún márùn-ún ni òfin náà fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò láti tún ẹnu ọ̀nà wọn ṣe, ọdún márùn-ún náà sì pé ní ọdún 2024. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ìjọ Ọlọ́run dúró de ọlọ́pàá kí ó tó mọ́ ọ̀nà fún arọ.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa kò pọ̀. Ẹ yan ènìyàn mẹ́rin, kí ó kéré tán méjì nínú wọn jẹ́ aláàbọ̀-ara, kí wọ́n gbé ìbéèrè mẹ́fà náà láti ilé dé ilé. Kí a kọ ìdáhùn sínú ìwé, kí a sì pa á mọ́ bí àṣírí. Kí a bi olúkúlùkù pé, Kí ni ó ń dí ọ lọ́wọ́? kí a sì ṣe èyí tí agbára wa ká nínú ohun tí ó bá sọ, kì í ṣe èyí tí ó wù wá. Àwọn bíríkìlà wà láàrin wa. Ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí a fi sìmẹ́ńtì ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn kì í ṣe iṣẹ́ oṣù kan. Bí akọ̀pẹ wa kò bá lè gun ọ̀pẹ mọ́, ó ṣì mọ iye owó epo, ó mọ ẹyìn tí ó pọ́n, ó sì lè jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́.

Ẹ rántí àwọn ọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n gbé arọ lọ sọ́dọ̀ Jésù ní Kápánáúmù. Ẹnu ọ̀nà kún, kò sí àyè. Wọn kò sọ fún arọ náà pé kí ó fara dà á ní ilé. Òrùlé ni wọ́n ṣí. Ẹ̀yin ará, òrùlé wa kò ní láti ṣí. Àtẹ̀gùn mẹ́rin péré ni.